Ẹ Ra Àwòrán Ọmọ Wa Kí Òkèèrè Tó Sọ Iye Rẹ̀ fún Wa

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé àwòrán kan wọlé láti Bingerville. Takisí ni mo fi gbé e, nítorí pé kò lè wọ inú gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré tí tajá-tẹran ń wọ̀ ní Abidjan. Obìnrin kan ló wà nínú àwòrán náà. Ó jókòó nínú gbaka, ó gbé àpò ọjà lé itan, ṣùgbọ́n orí ẹja ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó wà lóde fèrèsé ọkọ̀ náà kì í ṣe títì, omi ọ̀sà ni. Ọmọkùnrin tó yà á kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, kò sì tíì ní ìpàtẹ kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Àǹtí mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Treichville wò ó títí. Ọmọ Èjìgbò ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ta aṣọ ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló fi èyí ta ọ́ lọ́rẹ?"

Mo ní, "Mo rà á ni, Àǹtí."

"O rà á? Èló?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún wọn: 150,000 fáráǹkì CFA, tí mo san ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Háà! Owó yẹn á ra léèsì gidi. Kí ni kiní yìí fẹ́ ṣe fún ọ? Ṣé kò sì ní máa dẹ́rù bà wá lóru?"

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti dojú àwòrán náà kọ ògiri.

N kò bínú sí wọn. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni ọ̀pọ̀ àwa tí a kàwé, tí a ń gba owó oṣù, ń bi ara wa, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Kí ni àwòrán ń ṣe fúnni? Ṣé irú àwòrán àlá bẹ́ẹ̀ kò léwu nínú ilé? Ṣé kì í ṣe olówó nìkan ló ń kó àwòrán jọ? Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ó yẹ kí àwa tí agbára wa ká a díẹ̀ máa ra ojúlówó àwòrán lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde láàárín wa, pàápàá àwọn tó ń ya ohun tí ojú lásán kò rí. Kí á sì rà á nígbà tí orúkọ wọn kò tíì dé ibi kankan. Bí a bá dúró títí òkèèrè á fi sọ fún wa pé iṣẹ́ náà dára, iṣẹ́ náà ti kúrò nílé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹja náà. Súríálísíìmù ni àwọn tó kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà máa ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Párís ni orúkọ náà ti gbilẹ̀, nígbà tí akéwì André Breton gbé ìwé ìkéde rẹ̀ jáde ní ọdún 1924. Ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ni bí ọwọ́ ṣe lè kọ tàbí kó ya ohun tí ọkàn rí lójú àlá, kí làákàyè ojúmọmọ má dá a lọ́nà. Breton fúnra rẹ̀ kó ère àti ìbòjú láti Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Òṣéáníà jọ sínú ilé rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí wọ́n ń wá yẹn kò sọnù rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà mọ̀ pé ẹranko lè bọ́ awọ sílẹ̀ kó di obìnrin, kó sì lọ sọ́jà. Nígbà tí Amos Tutuola gbé *The Palm-Wine Drinkard* jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ó ya àwọn òǹkàwé òyìnbó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú ti ìtìjú mú àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé. Ní Òṣogbo, ní 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó kan wọ ibi tí Georgina Beier ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ọnà lábẹ́ ẹgbẹ́ Mbari Mbayo. Orúkọ tó sọ ara rẹ̀ ni Twins Seven-Seven, nítorí ó ní ìbejì méje ni ìyá òun bí, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù. Ó ya iwin, ó ya àbíkú, ó ya ẹja olórí èèyàn àti èèyàn olórí ẹyẹ, ara wọn kún fún ilà wẹ́wẹ́ bí aṣọ àdìrẹ. Àwọn òyìnbó wò ó, wọ́n ní súríálísíìmù ni. Lójú tirẹ̀, ìtàn ilé ni. Ní 2005, àjọ UNESCO sọ ọ́ di Ayàwòrán fún Àlàáfíà. Ó kú ní Ìbàdàn ní 2011. Ẹ wo ilé àwọn ọ̀rẹ́ yín tó kàwé ní Ìbàdàn àti ní Èkó, kí ẹ ka iye tó ní ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Ẹ̀dà tẹlifísọ̀n tuntun ni ẹ máa rí.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní Abidjan níbí pẹ̀lú, ó tilẹ̀ hàn gbangba ju ti Òṣogbo lọ. Akọ̀wé ìjọba ni Frédéric Bruly Bouabré, ọmọ Bété, nígbà ayé àwọn Faransé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1948, ó rí ìran: ojú ọ̀run ṣí, oòrùn méje sì yí ìyá wọn ká. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé iṣẹ́ òun ni láti ṣàkọsílẹ̀ ayé. Ó ṣẹ̀dá àmì tó lé ní 400 kí wọ́n lè máa fi kọ èdè Bété. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sórí páálí kékeré tí kò tóbi ju káàdì ìkíni lọ. Báírò àti pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ló fi ń yà á, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ yí etí àwòrán náà ká. Ohun tó bá rí nínú ìkùukùu, lára èèpo ọsàn, nínú ilà ara, gbogbo rẹ̀ ló ń yà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú yìí mọ̀ ọ́n ní bàbá arúgbó kan tó ń ya nǹkan sórí páálí. Ní 1989 ni wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá *Magiciens de la terre* ní Párís. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Olówó kan, Jean Pigozzi, lọ wo ìpàtẹ yẹn, ó sì pinnu pé òun á bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà jọ. André Magnin tó wà lára àwọn tó ṣètò ìpàtẹ náà ló ń bá a wá wọn kiri. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Bouabré ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2019, Pigozzi fi iṣẹ́ ọnà 45 ta ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí MoMA ní New York lọ́rẹ, ti Bouabré sì wà nínú wọn. Ní 2022, MoMA ṣe ìpàtẹ ńlá fún Bouabré nìkan. Ó ti kú láti 2014.

N kò ní bú Pigozzi. Bí kì í bá ṣe irú wọn, bóyá ọ̀rinrin àti ikán ni ì bá ti jẹ páálí wọ̀nyẹn tán. Ẹni tó bá ṣe ìtọ́jú ohun tí onílé kò kà sí, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́. Àwa ni mo ń bá wí. Káàdì ìkíni! Báírò! Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yopougon lè ti ra mẹ́ta nínú owó oṣù rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà kò tíì lókìkí. Owó kọ́ ló dí wa lọ́nà. A kò kà á sí ohun tí èèyàn ń rà ni. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí a wo ti Aboudia. Abdoulaye Diarrassouba ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọdún 1983 ni wọ́n bí i, ó sì kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Bingerville. Ohun tó fà á mọ́ra ni àwòrán tí àwọn ọmọ ìgboro máa ń fi ẹfun àti èédú yà sára ògiri. Ó sọ ọ̀nà tirẹ̀ ní nouchi, orúkọ èdè ìgboro Abidjan. Orí ràbàtà, ojú ràgàjì, eyín síta: àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wò lójú pópó ni wọ́n ń wo èèyàn láti inú àwòrán rẹ̀. Nígbà tí ìbọn ń dún ní Abidjan ní 2011 lẹ́yìn ìdìbò, kò sá. Ó ń ya ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́. Ọdún yẹn náà ni gálárì Jack Bell ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2014, ó wà nínú ìpàtẹ *Pangaea* ní Saatchi Gallery. Nígbà tó fi máa di 2022, àwòrán rẹ̀ 75 ni wọ́n tà ní gbàǹjo káàkiri ayé, tó fi jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Hiscox to orúkọ rẹ̀ ṣáájú Damien Hirst nínú àwọn ayàwòrán òde òní tí iṣẹ́ wọn pọ̀ jù lọ ní gbàǹjo lọ́dún náà.

Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, gbogbo wa pín in lórí fóònù. "Ọmọ wa ni o!" Mo pín tèmi náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń dà mí láàmú: nínú àwọn tó ta àwòrán 75 yẹn, mélòó ló ń gbé ní Abidjan? Iye àwọn tó rà á ńkọ́? Èrò tèmi ni pé ọjà yẹn kò kàn wá rárá. Òde la wà, a ń pàtẹ́wọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Èkíní, wọ́n á ní owó kò sí. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, n kò sì bá ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni irú wa tó ń dá aṣọ ẹbí ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún, tó ń pààrọ̀ fóònù tí kò tíì bàjẹ́, tó ń ra àga láti Túrkì. Iṣẹ́ kíkọ ni mo ń ṣe jẹun, owó mi kì í dé lásìkò, síbẹ̀ mo san owó àwòrán mi díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ayàwòrán náà gbà, nítorí inú rẹ̀ dùn pé ẹni tí òun lè máa rí lójú ló fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni yóò gba irú ètò bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè.

Èkejì ni ti ẹ̀rù, èyí tí Àǹtí mi sọ jáde láìfi bò. Àwọn kan nínú wa gbà pé àwòrán tó ní ìwo, tàbí èèyàn olórí ẹja, lè ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀mí burúkú. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ kálukú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ayàwòrán náà sọ fún mi nígbà tí mo bi í pé ta ni obìnrin náà. Ó ní ìyá òun ni. Ẹja yíyan ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Abobo. Láti ìdájí ló ti ń wọ gbaka, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹja ti wọ̀ ọ́ lára débi pé àwọn èrò inú ọkọ̀ á máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá náà wọlé, ó jókòó, ó sì ní, "Ẹja ni mo dà lójú wọn." Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni àwòrán ti jáde.

Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Ìyá kan ni, àti ohun tí ìlú fi ojú rẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí mo fi ní irú àwòrán báyìí kì í ṣe eré àwọn ọ̀lẹ. Bó bá ya ìyá rẹ̀ bí fọ́tò, obìnrin tó jókòó nínú ọkọ̀ nìkan la ó rí. A ó kọjá lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn èrò ọkọ̀ náà ṣe máa ń sún kúrò. Orí ẹja ló mú wa dúró. Irọ́ ojú ló jẹ́ kí òótọ́ inú hàn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó lágbára jù: kí ló burú bí òkèèrè bá ń rà á? Ṣebí ayàwòrán ń jẹun, orúkọ wa sì ń tàn? Òdodo ni, kò sì sí ẹni tó yẹ kó sọ fún ayàwòrán pé kó má ta iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Àmọ́ ẹni tó ń rà ló ń pinnu ohun tí wọ́n á máa yà. Bó bá jẹ́ pé ojú ẹnì kan ṣoṣo, tó wà níbi tó jìnnà, ni gbogbo ọ̀dọ́ ayàwòrán ń wò, ohun tí ẹni yẹn bá ti rà lánàá ni wọ́n á tún yà lónìí. Ẹ lọ sí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta àwòrán ní Abidjan lónìí, ẹ ó rí àwọn ọmọ olórí ràbàtà tó jọ ti Aboudia, tí kì í ṣe Aboudia ló yà wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti rí ibi tí owó wà.

Ẹ fi wé àwọn ọmọ Vohou-Vohou. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Abidjan, irú wọn bíi Youssouf Bath, Théodore Koudougnon àti Yacouba Touré, rí i pé ọ̀dà àti kánfáàsì tó ń ti òkèèrè wá ti wọ́n jù, ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ Faransé là sílẹ̀ sì há jù fún wọn. Wọ́n mú èèpo igi, iyanrìn, àpò ìdọ̀họ àti oje ewé, wọ́n fi ṣe àwòrán. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ayàwòrán nílò ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tó ti wọ gbaka rí, tó mọ òórùn ẹja yíyan ní ìrọ̀lẹ́ Abobo, ohun kan wà tó máa rí nínú àwòrán ìyá yẹn tí olùkójọ kan ní Geneva kò lè rí, bó ti wù kí ojú rẹ̀ là tó.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe ìkìlọ̀ kan níbí. Nítorí ìròyìn Aboudia, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwòrán dára ju ilẹ̀ lọ: rà á ní ẹgbẹ̀rún, tà á ní mílíọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ èrè ni ẹ ń wá, ẹ lọ ra ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ni iye iṣẹ́ wọn máa ń gòkè, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni báyìí ni. Ẹni tó ra àwòrán lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó sì sáré gbé e lọ sí gbàǹjo lọ́dún kejì lè ba nǹkan jẹ́ fún un: iye rẹ̀ á fò sókè láìnídìí, á tún já wálẹ̀, àwọn gálárì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Nígbà tí iye náà bá sì lọ sókè, ẹni tó yà á kì í sábà wà níbi tí wọ́n ti ń pín èrè. Ìdí nìyí tí òfin fi dá ẹ̀tọ́ kan sílẹ̀, tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1920: bí wọ́n bá tún àwòrán tà ní gbàǹjo tàbí ní gálárì, ìdá díẹ̀ nínú owó náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ayàwòrán tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Òfin Côte d'Ivoire mọ ẹ̀tọ́ yìí, BURIDA sì ni àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn òǹṣẹ̀dá níbí. Amẹ́ríkà kò ní irú rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà títí di òní. Ẹni tó bá ń ra àwòrán lọ́wọ́ ọ̀dọ́ yẹ kó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí wà, kó sì sọ fún ọ̀dọ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́ ọ rí.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Kò sí ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà gálárì. Ẹ lè wọ Rotonde des Arts ní Plateau, tàbí gálárì Cécile Fakhoury tó ti wà ní Cocody láti 2012, tàbí LouiSimone Guirandou. Ẹ lọ sí MuCAT tí wọ́n ṣí ní Abobo ní 2020, ilé ìkóhun-ọnà-sí tó wà láàárín àwọn mẹ̀kúnnù gan-an. Ẹ máa lọ síbi ìpàtẹ òpin ọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà. Ẹ wò ó fún oṣù mẹ́fà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Èyí tó bá tẹ̀ lé yín délé, tí ẹ ń rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ ń wẹ̀, òun ni kí ẹ padà lọ bá.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ná an bí ẹni ń ná tòmátì ní Adjamé. Ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tí agbára yín gbé láìfi bò. Ẹ rántí pé bó bá jẹ́ gálárì ni, nǹkan bí ìdajì owó náà ni gálárì sábà máa ń mú. Bó bá sì jẹ́ pé gálárì ló ń ṣojú ayàwòrán náà, ẹ má yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá a. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí tí ayàwòrán fọwọ́ sí, tó ní orúkọ iṣẹ́ náà, ọdún tó yà á, bó ṣe tóbi tó àti ohun tó fi yà á. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun tó sọ fún yín nípa rẹ̀ sílẹ̀, nítorí bí ẹ̀yin méjèèjì bá kú, ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Nílé, ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń ràn án tàara, ẹ má sì gbé e kọ́ ògiri tó ń mu omi, nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ kánfáàsì. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èèyàn kan ṣoṣo kò lè ṣe nǹkan kan, kí ó wo Ọmọọba Yemisi Shyllon. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó iṣẹ́ ọnà jọ, ó sì fi bí ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn sì ṣí ní Èkó ní 2019. Ní Benin, ìdílé Zinsou bẹ̀rẹ̀ ní Cotonou ní 2005, wọ́n sì ṣí ilé ìkóhun-ọnà-sí ní Ouidah ní 2013, tí àwọn ọmọ iléèwé ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Olówó ni wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá ní ẹgbẹ̀rún. Bí ìdílé igba ní Abidjan, igba ní Ìbàdàn, àti igba ní Lomé bá ní àwòrán kan ṣoṣo kọ̀ọ̀kan lára ògiri, tí wọ́n mọ orúkọ ẹni tó yà á, tí wọ́n sì lè sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò, ayàwòrán ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò ní máa wo Lọ́ńdọ̀nù nìkan kó tó mọ ohun tó máa yà.

Mo sọ ìtàn ìyá ẹlẹ́ja náà fún Àǹtí mi ní ọjọ́ Àìkú kan. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń ká aṣọ lọ. Àwọn náà ti ru aṣọ lórí kiri Treichville rí, kí wọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n bi mí pé, "Ìyá ọmọ yẹn, ṣé ó ṣì ń ta ẹja?" Mo ní ó ṣì ń tà á. Wọ́n mi orí.

Nígbà tí mo dé láti ìrìn àjò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán náà ti kọjú síta. Wọ́n ti sún un kúrò níbi tí mo gbé e sí, nítorí wọ́n ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa á lójú. Ọ̀rẹ́ wọn kan wá kí wọn, ó wò ó, ó ní, "Kí lèyí?" Mo gbọ́ tí Àǹtí mi dá a lóhùn láti inú ilé ìdáná pé, "Ará Abobo ni. Jókòó, mo máa sọ fún ọ."